Orin Kheira Tó Dúró Lójú Ọ̀nà

Ọbẹ̀ harira ń hó lórí iná, Àlájà Badra sì jókòó síwájú kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ nínú ilé ìdáná, ó ń bú u bí ẹni ń bú ìyàwó ọmọ.

"Ìwọ ẹ̀rọ yìí, ṣé etí rẹ di ni? Ìdá mọ́kànléláàádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún! Ọjọ́ mẹ́fà gbáko lo ti dì pa bí ìdí ẹni tó jẹ ọ̀pọ̀tọ́ ẹlẹ́gùn-ún ní àjẹjù!"

Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni Badra. Ara rẹ̀ tóbi, ẹnu rẹ̀ sì tóbi ju ara lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní bí òun bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, àwọn ará ìsàlẹ̀ a máa rò pé wọ́n ń kó kọ́bọ́ọ̀dù jáde. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí, ẹ̀rín kò dé ẹnu rẹ̀. Ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń wá.

Kheira ni orúkọ ẹ̀gbọ́n náà. Bí Kheira bá gbé hawfi, orin àwọn obìnrin ìlú Tlemcen, ẹni tó ń lọ wẹ̀ á gbàgbé ọṣẹ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ti di ọdún mọ́kàndínlógún tó ti kú, kò sì sí ẹnìkan nílé tó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Àfi lóṣù tó kọjá, tí Badra gbọ́ pé ayàwòrán kan gba orin ibi ìgbéyàwó kan sórí kásẹ́ẹ̀tì nígbà àtijọ́, pé Kheira kọrin níbẹ̀. Àwọn ọmọ ayàwòrán náà ti yọ̀ǹda kásẹ́ẹ̀tì ọ̀hún fún ẹgbẹ́ àwọn olùfẹ́ orin àtijọ́, kí wọ́n máa pín in lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Ọ̀nà tí ẹgbẹ́ náà ń gbà pín in ni wọ́n ń pè ní tọ́rẹ́ǹtì. Kò sí àká kan níbì kan tí wọ́n kó orin jọ sí. Inú ẹ̀rọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni orin wà. Ẹ̀rọ tèmi á bu díẹ̀ lọ́dọ̀ tìrẹ, tìrẹ á bu díẹ̀ lọ́dọ̀ tèmi, títí orin á fi pé. Òfin wọn kò pọ̀: bí o bá gba ọgọ́rùn-ún, ó kéré tán, fún ẹlòmíràn ní àádọ́ta. Ti Badra jẹ́ mẹ́jọ péré. Lẹ́tà ti dé láti ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ẹgbẹ́: bí kò bá tún un ṣe kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, wọn á ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Bí wọ́n bá sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, orin Kheira ò ní pé láéláé nìyẹn.

Rahmouna, ọ̀rẹ́ rẹ̀ àti aládùúgbò rẹ̀ láti ogójì ọdún, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń gé ewé ọbẹ̀.

"Badra, mo ní oògùn rẹ̀."

"Ṣé irú oògùn ìjọ́sí, tí mo fi sùn sílé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ́jọ́ mẹ́ta?"

"Ìyẹn yàtọ̀! Ti kọ̀ǹpútà lèyí. Ọkùnrin kan fi líǹkì rẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Ó ní VPN ni. Á fi ojú rẹ pamọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, bíi haïk funfun tí àwọn ìyá wa fi ń bora. Ètò mìíràn tún wà nínú rẹ̀ tó máa fi kún nọ́ńbà rẹ láìjẹ́ pé o fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan."

"Láìfúnni?"

"Láìfúnni! Á sọ mẹ́jọ rẹ di ẹgbẹ̀rin. Ọ̀fẹ́ sì ni."

Inú Badra kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ojú ń kán an. Bí ebi nǹkan bá ń pa àgbàlagbà, a máa gbàgbé pé eyín òun kò pé. Rahmouna fi líǹkì náà ránṣẹ́ sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́.

Bí ètò náà ṣe wọlé, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í fà bí ràkúnmí tó ti rẹ̀. Àwọn tí ẹ̀rọ Badra ń bá pín nǹkan tẹ́lẹ̀ pòórá lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ojú ìwé funfun kan yọ: "Kí a lè mọ̀ pé ènìyàn ni ọ́, kọ nọ́ńbà káàdì báńkì rẹ síbí."

"Ènìyàn mà ni mí," ni Badra wí fún ẹ̀rọ. "Kí tún ni ǹ bá jẹ́, ìbaaka? Rahmouna, bá mi mú káàdì mi, ó wà nínú àpò lẹ́yìn ilẹ̀kùn."

Ó ti tẹ nọ́ńbà mẹ́jọ nínú mẹ́rìndínlógún nígbà tí harira bẹ̀rẹ̀ sí í jóná. Àwọn méjèèjì kò fura. Ṣùgbọ́n òórùn gun àtẹ̀gùn lọ bá Ilhem lókè, ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń kọ́ àwọn obìnrin ní kọ̀ǹpútà ní ibùdó àdúgbò. Ó sáré sọ̀ kalẹ̀.

"Màmá, ìkòkò yín!" Ó pa iná. Bó ṣe ń yí padà, ojú rẹ̀ bọ́ sí kọ̀ǹpútà. "Yéè! Màmá, ẹ gbé ọwọ́ yín kúrò níbẹ̀!"

"Kí ló dé? Ṣé òun náà ń jóná ni?"

"Ó kù díẹ̀ kó jóná."

Ilhem já íńtánẹ́ẹ̀tì kúrò lára ẹ̀rọ náà. "Ta ló fún yín ní VPN yìí?"

Rahmouna tẹjú mọ́ ewé bí ẹni tí wọ́n ní kó ka iye rẹ̀. "Ọ̀fẹ́ ni," ó wí lábẹ́ ẹnu.

"Màmá Rahmouna, wàràkàṣì inú pàkúté, ọ̀fẹ́ náà ni fún eku." Ilhem fa àga, ó jókòó. "Ẹ gbọ́. VPN fúnra rẹ̀ kì í ṣe nǹkan burúkú. Ẹ ní haïk ni, ẹ ò parọ́: ó ń fi ojú yín pamọ́ fún ará ìgboro. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni haïk náà wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú yín. Gbogbo ohun tí ẹ bá ń ṣe, ojú rẹ̀ ló ń ṣe. Ṣé ẹ mọ ọkùnrin náà rí?"

"Èmi àti ọkùnrin tí n kò mọ̀, nínú haïk kan ṣoṣo?" Badra gbé ọwọ́ lé àyà. "Kí ló wá ń ṣe látìgbà tí mo wà lẹ́ni ogún ọdún?"

Rahmouna rẹ́rìn-ín títí ewé fi dà sílẹ̀. Ilhem náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó sì gbé e mì.

"Òmíràn tún wà. VPN yìí kò ṣí ojú ọ̀nà kankan sílẹ̀. Àwọn tó fẹ́ gba orin lọ́wọ́ yín dé, wọ́n ń wá ibi tí wọ́n á ti kanlẹ̀kùn, wọn ò rí i, wọ́n bá tiwọn lọ. Ti ètò tó ní òun á fi kún nọ́ńbà yín, irọ́ pọ́ńbélé ni. Ẹni tí àwọn àgbà ẹgbẹ́ bá ká a mọ́ lọ́wọ́, wọn kì í kìlọ̀ fún un. Wọ́n á lé e jáde títí ayé ni."

Badra ti káàdì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Ilhem ọmọ mi, ṣé mo ti pàdánù Kheira lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn?"

"Rárá o, Màmá. Ṣé ẹ tẹ nọ́ńbà káàdì yẹn tán?"

"Mẹ́jọ péré ni."

"Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ harira."

Wọ́n yọ VPN náà àti ètò irọ́ tó bá a wá kúrò. Ilhem mú kí ẹ̀rọ yẹ ara rẹ̀ wò fínnífínní. Ó fi fóònù tirẹ̀ yí àwọn ọ̀rọ̀ aṣínà Badra padà, nítorí ẹ̀rọ tí olè ti wọ̀ kì í ṣe ibi tí a ti ń pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́. Ó ní kí Badra pe báńkì kí wọ́n dí káàdì náà, kí wọ́n fún un ní tuntun. "Nọ́ńbà mẹ́jọ lẹ ní ẹ tẹ̀, ṣùgbọ́n a kò mọ ohun tó ti rí."

Ìgbà yẹn ni wọ́n tó ṣí ètò tọ́rẹ́ǹtì fúnra rẹ̀. Orin mẹ́rìnlá tí Badra ti gbà tán ló tò síbẹ̀, àmì pupa sì wà lára gbogbo wọn.

"Ó ní òun kò rí àwọn fáìlì náà. Màmá, níbo ni àwọn orin tí ẹ ti gbà wà?"

Badra nàró, ó fẹ́ fi ara rẹ̀ yangàn. "Mo ti palẹ̀ wọn mọ́ ni! Bí ọ̀kan bá ti ń dé, mo ń kó o kúrò níbi tó balẹ̀ sí, mo ń fi í sínú fíláàṣì pupa, mo sì ń fún un lórúkọ tó dáa. Lẹ́yìn náà mo pa ẹ̀rọ, mo fi aṣọ léèsì bò ó. Nínú ilé tèmi, àwo kì í pẹ́ lórí tábìlì. Ìyá tó bí mi, àlejò ò tíì jẹun yó tí yóò ti máa gbá abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀!"

Ilhem fi orí balẹ̀ sórí tábìlì, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n fún ẹ̀rín.

"Màmá, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Nígbà ààwẹ̀, bí aládùúgbò bá gbé àwo harira ránṣẹ́ sí yín, ṣé ẹ máa ń dá àwo rẹ̀ padà lófìfo?"

"Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ṣé wọ́n bí mi sínú igbó ni? Bí n kò bá fi àkàrà dídùn sí i, màá fi ọ̀pọ̀tọ́ sí i."

"Ẹ gba àwo mẹ́rìnlá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ yìí, ẹ fọ gbogbo wọn mọ́ tónítóní, ẹ wá tì wọ́n mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù."

Badra fọwọ́ bo ẹnu. "Rahmouna! Mo jí àwo èèyàn!"

"Àwo mẹ́rìnlá," ni Rahmouna fi kún un. Inú rẹ̀ dùn pé ẹ̀bi ti kúrò lórí òun.

Ilhem kó àwọn orin náà láti inú fíláàṣì padà sí ibi tí wọ́n ti kúrò, ó dá orúkọ àkọ́kọ́ wọn padà, ó sì pàṣẹ fún ètò náà kó tún wọn yẹ̀ wò. Kò tún wọn gbà láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ìyẹn ì bá tún fi kún ohun tí Badra ti gbà. Pupa di àwọ̀ ewé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó tún ẹ̀rọ ṣe kó má máa sùn. "Ẹ má pa á mọ́, ẹ má sì bò ó. Bó bá ti sùn, ẹ kò lè fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan."

"Mọ́kànléláàádọ́rin ńkọ́?"

"Ẹ wo ibí. Àwọn mẹ́rin ló ń bá yín wá orin yẹn, ibi tí ẹ dé náà ni gbogbo wọn dé. Ẹ̀rọ yín kò ṣàìsàn, Màmá. Ẹni tí ìyókù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni kò ṣí tirẹ̀. Ẹ kọ̀wé sí ẹgbẹ́."

"Kí ni kí n sọ?"

"Òótọ́."

Badra ń sọ ọ́, Ilhem ń tẹ̀ ẹ́: "Èmi Badra, ará Tlemcen, èmi ni mò ń kó àwo yín pamọ́. Àìmọ̀kan ni, kì í ṣe ahun. Mo tún wọ haïk ọkùnrin tí n kò mọ̀, ṣùgbọ́n mo ti bọ́ ọ sílẹ̀. Mo ti dá gbogbo àwo padà. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni ìyókù orin ìgbéyàwó yẹn wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ẹ̀gbọ́n mi ló wà níbẹ̀."

Kí wọ́n tó kírun ìrọ̀lẹ́, èsì ti dé. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ fún un títí di ìparí oṣù. Wọ́n ní àwọn rẹ́rìn-ín títí. Bàbá kan ní ìlú Mostaganem náà kọ̀wé: "Ọ̀dọ̀ mi ni gbogbo rẹ̀ wà. Mo rò pé kò sí ẹni tó ń wá a mọ́ ni mo ṣe pa á tì. Bí mo bá ti kírun Jímọ̀ tán, màá ṣí i."

Lọ́jọ́ Jímọ̀, àwọn mẹ́ta jókòó síwájú ẹ̀rọ. Méjìléláàádọ́rin. Ọgọ́rin. Ó dúró díẹ̀ ní àádọ́rùn-ún, Badra sì mí bí ẹni ń rọbí. Ó pé.

Ariwo àwo ló kọ́kọ́ jáde, àti ìró àwọn obìnrin tó ń ké igbe ayọ̀. Lẹ́yìn náà ni ohùn kan dìde, ó mọ́ bí omi, ó gun gbogbo ariwo kọjá. Badra di ọwọ́ Rahmouna mú. Nígbà tó dé ìlà kẹta, ohùn mìíràn tó rí bíi ti ewúrẹ́ bọ́ sínú orin náà, ni Kheira bá dá orin dúró. "Badra, jọ̀ọ́, pa ẹnu rẹ dé, o ń ba nǹkan jẹ́!" Gbogbo obìnrin ibi ìgbéyàwó bú sẹ́rìn-ín.

Badra rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Omi náà kò sì dá mọ́.

"Ó ṣì ń bú mi," ó wí. "Ẹ gbọ́ ọ bí? Ó ṣì ń bú mi."

Ilhem nawọ́ sí ìsàlẹ̀ ojú ẹ̀rọ. "Màmá, ẹ wò ó. Àwọn mẹ́rin yẹn ti ń gbà á lọ́wọ́ yín."

"Kí wọ́n gbà á," ni Badra wí. "Kí wọ́n gbà á tán, kí gbogbo ayé gbọ́ bí ohùn mi ṣe burú tó."

Ẹ̀yin èèyàn wa, bí ẹ bá ń lo tọ́rẹ́ǹtì, ohun tí àwọn tó ni ín yọ̀ǹda ni kí ẹ máa gbà, òun náà ni kí ẹ máa pín. Ẹ fi ohun tí ẹ gbà sílẹ̀ níbi tó wà, kí ẹ̀rọ yín lè máa rí i fún ẹlòmíràn. Bí ẹ bá ti gbé e kúrò, ẹ dá a padà kí ẹ sì ní kí ètò náà tún un yẹ̀ wò. Bí ó bá dúró lójú kan, ẹ má bínú lu kọ̀ǹpútà. Ẹ wo bóyá ẹnìkan wà tó ní ìyókù, kí ẹ sì béèrè.

Bí ẹ bá fẹ́ lo VPN, ẹ lo ti iléeṣẹ́ tí a mọ̀, kí ẹ sì kọ́kọ́ bi ẹgbẹ́ yín bóyá òfin gbà á. Líǹkì tí àjèjì fi ránṣẹ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ní kí ẹ fi nọ́ńbà káàdì jẹ́rìí pé ènìyàn ni yín, olè ni. Bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, ẹ má tijú: ẹ já íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ pe báńkì, ẹ yí ọ̀rọ̀ aṣínà yín padà lórí ẹ̀rọ mìíràn, kí ẹ sì pe ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Nọ́ńbà tó bá kéré, ẹ má wá ayédèrú tó máa fi kún un. Ẹ sọ òótọ́ fún àwọn àgbà ẹgbẹ́, kí ẹ sì fi ẹ̀rọ yín sílẹ̀ ní ṣíṣí. Ìdá díẹ̀ tí ẹ kà sí ohun kékeré nínú ẹ̀rọ yín, ó lè jẹ́ pé níbì kan, òun ni gbogbo ohun tó ṣẹ́kù nínú ohùn ìyá ẹnìkan.