Ìgbóná Ara Ẹni Tí Kò Wá

"Ta ló rí Bàbá Alààrò níbí lánàá?" Ìyá Oníbúrẹ́dì béèrè, ìwé ẹnu ọ̀nà ní ṣíṣí lọ́wọ́ rẹ̀.

Orin tí àwọn apòyẹ̀fun ń kọ kú sí wọn lẹ́nu.

Ọmọge Ẹnu Ọ̀nà tẹjú mọ́ bàtà ara rẹ̀. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta tó jáde ilé ìwé. Nítorí àrùn tó gbòde, òun ló ń fi ẹ̀rọ wo ìgbóná ara àwọn òṣìṣẹ́ láràárọ̀, tó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àbúrò rẹ̀ nílé kì í rí èémí mí délẹ̀. Bó bá ti rò ó pé òun lè kó àrùn náà lọ bá a, oorun á dá lójú rẹ̀. Nígbà tó yá, kò lè sún mọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Á dúró lókèèrè, á ní, "Ẹ wọlé, ẹ wọlé," á kọ mẹ́rìndínlógójì, iye ìgbóná ara ẹni tára rẹ̀ dá, fún gbogbo orúkọ inú ìwé láì wo ẹni tó wá.

"Bàbá Alààrò, lánàá, mẹ́rìndínlógójì," Ìyá Oníbúrẹ́dì kà á. "Ọmọ mi, láti ijẹta ni Bàbá ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Ibo lo ti wò ó?"

"Bóyá òjìji rẹ̀ ló wá," apòyẹ̀fun kan sọ.

Èyí tó dun Ọmọge jù kò sí nínú ìwé. Láàárọ̀ ijẹta, Bàbá ti sọ fún un pé, "Ọmọ mi, ara mi gbóná. Wò mí dáadáa." Ọmọge fà sẹ́yìn. "Ooru ààrò ni, Bàbá. Ẹ wọlé." Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ìdí ààrò ni wọ́n ti gbé e.

Ó wù ú kí ilẹ̀ lanu kó gbé e mì.

"Irọ́ ni mo kọ, mà. Ẹ̀rù ló bà mí."

"Ta lẹ̀rù ò bà?" Ìyá Oníbúrẹ́dì dáhùn. "Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo da iyọ̀ sí ìyẹ̀fun lọ́sẹ̀ yìí, tí mo tún jágbe mọ́ yín. Ká ní o sọ fún mi ni, ǹ bá fi ẹlòmíì rọ́pò rẹ lẹ́nu ọ̀nà."

Àwọn apòyẹ̀fun lọ ṣàyẹ̀wò. Orí bá wọn ṣe é, àrùn náà kò ràn wọ́n. Ìyá gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ ọmọge, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló fi fọ páànù búrẹ́dì, "Mẹ́rìndínlógójì" ni wọ́n sì ń pè é.

Ọjọ́ tó gba ẹ̀rọ padà ni Bàbá dé, ó ti rù. Ó tẹ orí ba fún un.

"Mẹ́rìndínlógójì, èló ni tèmi lónìí?"

Ọmọge sún mọ́ ọn débi tó fi rí àpá iná níwájú orí rẹ̀. Omijé bo ojú ọmọge.

"Mẹ́tàdínlógójì, Bàbá, ara yín ti dá. Ẹ dárí jì mí."

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀rù kì í ṣe ìtìjú. Irọ́ tá a fi bò ó ni ìtìjú. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Tọmọge yìí ò tiẹ̀ rìn ju ọjọ́ méjì lọ.