Àwòrán Tó Ṣáájú Ẹjọ́

Orí bẹ́ǹṣì kan ní àgọ́ ọlọ́pàá ni Tíńrín àti ìyá rẹ̀ jókòó sí nígbà tí àwọn ọlọ́pàá mú awakọ̀ búrẹ́dì kan tí wọ́n fura sí nípa ikú bàbá Tíńrín wọlé. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni. Ìyẹ̀fun ṣì wà létí ẹ̀wù rẹ̀, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò wo ẹnikẹ́ni lójú. Tíńrín, tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ nítorí pé láti kékeré ni kò ti lẹ́ran lára, yọ fóònù rẹ̀, ó sì yà á ní àwòrán kí wọ́n tó tilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ìyá rẹ̀ kò rí i. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ọkọ rẹ̀, ilẹ̀ ni ojú rẹ̀ máa ń wà.

Bíríkìlà ni bàbá Tíńrín. Ó ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ láti ibi iṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni ọkọ̀ funfun kan gbá a ní ìkóríta. Awakọ̀ náà dúró díẹ̀, ó yọ orí wò ó, ó sì sá lọ. Bàbá kò dé ilé ìwòsàn kó tó kú. Ẹnì kan ṣoṣo ló rí ojú awakọ̀ náà dáadáa, ìyẹn bàbá aránbàtà tó máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì níbẹ̀. Kò ka nọ́ńbà ọkọ̀ náà, ṣùgbọ́n ó ní bí òun bá tún rí ojú yẹn, òun á dá a mọ̀.

Obìnrin ọlọ́pàá tó ń ṣe ìwádìí wá bá wọn jókòó.

"Funfun ni ọkọ̀ búrẹ́dì rẹ̀, iná iwájú rẹ̀ kan sì ti fọ́," ló wí. "Ó ní òkúta ló fọ́ ọ. Ó lè jẹ́ irọ́, ó sì lè jẹ́ òótọ́. Lọ́túùnla, a ó tò ó mọ́ àwọn ọkùnrin mìíràn tó jọ ọ́, kí bàbá aránbàtà nawọ́ sí ẹni tó rí. Ẹ jọ̀ọ́ mà, títí di ìgbà náà, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí jáde."

"A ti gbọ́, ọ̀gá," ni ìyá Tíńrín dáhùn.

Nígbà tí wọ́n délé, àwọn ọmọ kíláàsì Tíńrín ti ń dúró dè é lórí fóònù. Ṣé wọ́n ti mú un? Báwo ló ṣe rí? Ọ̀kan nínú wọn wá kọ ọ́ pé, "Bí gbogbo ayé ò bá mọ̀ ọ́n, wọ́n á kàn rọra tú u sílẹ̀ ni."

Ìyẹn wọ̀ ọ́ lára. Ó rántí ohun tí obìnrin ọlọ́pàá sọ, ó gbé fóònù sílẹ̀, ó tún gbé e. Níkẹyìn, ó fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí wọn, ó sì kọ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹni tó pa bàbá mi rèé."

Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwòrán náà ti kárí ìlú. Lórí rédíò, wọ́n ń gba ìpè lórí rẹ̀. Ẹnì kan ní ojú apànìyàn kì í fara sin. Ẹlòmíràn ní ọmọkùnrin náà ti ta búrẹ́dì tó ti bu fún òun rí, láti ọjọ́ náà ni òun sì ti fura sí i. Atọ́kùn ètò náà rẹ́rìn-ín. Tíńrín gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì dùn mọ́ ọn. Ó ṣe é bíi pé gbogbo ìlú ń bá òun ṣọ̀fọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n sọ òkò fọ́ fèrèsé ìyá awakọ̀ náà, tó jẹ́ onídìrí. Àwọn tó máa ń ṣe irun lọ́dọ̀ rẹ̀ kò yà síbẹ̀ mọ́.

Nígbà tí ọjọ́ pé, tí wọ́n to àwọn ọkùnrin náà ní àgọ́ ọlọ́pàá, bàbá aránbàtà nawọ́ sí awakọ̀ búrẹ́dì náà láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Tíńrín rò pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Ó pẹ́ kí ẹjọ́ náà tó dé iwájú adájọ́. Lọ́yà ọmọkùnrin náà dìde, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi bàbá aránbàtà ní ìbéèrè.

"Bàbá, kí ẹ tó lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, ṣé ẹ ti rí àwòrán ọmọ yìí?"

"Ta ni kò rí i? Ọmọ ọmọ mi ló fi hàn mí."

"Kí ni wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀?"

"Pé òun ló pa bíríkìlà."

"Ojú tí ẹ rí ní ìkóríta ni ẹ wá nawọ́ sí, àbí èyí tí ẹ rí lórí fóònù?"

Bàbá náà fọwọ́ nu ọrùn. "Mi ò ní purọ́ fún yín. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá dijú, mo máa ń rí ẹni náà. Ní báyìí, àwòrán yẹn ni mò ń rí. Mi ò mọ̀ mọ́."

Adájọ́ ní iná ọkọ̀ tó fọ́ nìkan kò tó fi sọ ènìyàn sẹ́wọ̀n. Ó tú u sílẹ̀.

Níta, onídìrí náà wá bá ìyá Tíńrín. Kò fi ohùn líle sọ̀rọ̀. "Ẹ kú ìrọ́jú, ìyá. Ọmọ mi ní òun kọ́, mo sì gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ti gbọ́ ọ, wọn ò sọ pé kò ṣe é. Wọ́n ní àwọn ò lè mọ̀ ni. Apànìyàn náà ni wọ́n á ṣì máa pè é ládùúgbò."

Nígbà tí wọ́n délé, ìyá Tíńrín pe ọmọ rẹ̀ jókòó.

"Mi ò bá ọ jà," ló wí. "Ohun kan ni mo fẹ́ nínú ẹjọ́ yìí, kí n mọ ẹni tó ṣe é. Bó bá jẹ́ òun ni, ó ti bọ́ lọ́wọ́ òfin. Bí kì í bá ṣe òun, ẹni náà ń rìn kiri, a ò sì ní mọ̀ ọ́n láéláé."

Tíńrín pa àwòrán náà rẹ́ lórí fóònù rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti wà lọ́wọ́ àwọn tí kò mọ̀ rí. Ni ó bá gba ilé iṣẹ́ rédíò lọ, ó sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí òun sọ̀rọ̀.

"Mo kọ ọ́ pé òun ló pa bàbá mi," ló wí. "Mi ò sí níbẹ̀, mi ò sì mọ̀. Mo rò pé mò ń jà fún bàbá mi ni, àṣé èmi ni mò ń ba ẹjọ́ rẹ̀ jẹ́. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, bí wọ́n bá mú ènìyàn, ẹ jẹ́ kí adájọ́ gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ kí ẹnu wa tó dá a lẹ́bi. Bí a bá kánjú dá a, àti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ àti ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, kò sí èyí tó máa rí òdodo gbà."

Atọ́kùn ní kí àwọn olùgbọ́ pè wọlé. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń bú ọmọkùnrin náà, fóònù kò sinmi. Lọ́jọ́ yìí, ẹnì kan ṣoṣo ló pè, ó sì fẹ́ mọ ẹni tó kọ orin tí wọ́n gbé sáfẹ́fẹ́ kí Tíńrín tó sọ̀rọ̀.