Àáró Ẹni Tí A Kò Pè

Ìtàn yìí kì í ṣe àgbọ́sọ. Ó ṣojú mi ní Ìlúpéjú-Èkìtì, nígbà ọyẹ́ tó kọjá.

Iṣẹ́ tíṣà ni mò ń ṣe. Lọ́jọ́ kan, mo ń ṣàlàyé àáró fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Mo ní, "Bí ẹnìkan bá bá ọ kọ ebè lónìí, o jẹ ẹ́ ní gbèsè iṣẹ́. Nígbà tó bá kàn án, o gbọ́dọ̀ lọ sóko rẹ̀. Ẹni yòówù kó jẹ́."

Bí mo ṣe dákẹ́, mo gbọ́ èémí lẹ́yìn fèrèsé. Ó wúwo. Ó lọ́ra. Mo yọjú. Kò sẹ́nì kankan. Koríko gbígbẹ nìkan ló tẹ̀ sílẹ̀, níbi tó fẹ̀ ju ẹsẹ̀ èèyàn lọ.

Lọ́jọ́ kẹta, Ìyá Àhmọ́dù wá bá mi. Opó ni wọ́n, ẹ̀yìn ń dùn wọ́n, wọn ò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kọ ebè mọ́.

"Tíṣà, ìwọ lo rán àwọn ọmọ rẹ sí oko mi?"

"Rárá, Màmá."

"Ta ló wá kọ ebè ibẹ̀ tán?"

Mo bá wọn lọ sí oko náà, lójú ọ̀nà Ayégbajú. Ebè kún ilẹ̀ títí dé etí igbó. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ga dé àyà mi. Oòrùn wà lókè, ṣùgbọ́n ẹyẹ kankan kò ké.

Ohùn kan jáde láti inú igbó, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ.

"Ó... kàn mí."

Nǹkan náà dìde. Mi ò ní ṣàpèjúwe ojú rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀: ó ti bó, ẹ̀jẹ̀ ń kán níbẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì na ọkọ́ sí wa, bí ọmọ ṣe ń fún àgbà ní nǹkan.

Ìyá Àhmọ́dù figbe ta. Àwọn ọkùnrin sáré dé láti oko ìtòsí, Àhmọ́dù ọmọ wọn ló ṣáájú.

"Èwo tún nìyí? Ẹ pa á!"

Òkúta bà á lójú. Kò jà. Èmi ló ń wò. Èmi tí mo kọ́ ọ. Mo wolẹ̀. Ó yí padà, ó wọ igbó.

"Láàárọ̀ ọ̀la, a ó fi ajá wá a rí," Àhmọ́dù sọ. "A ó sì pa á. Tíṣà, ṣé ẹ máa tẹ̀ lé wa? Àbí ẹ fẹ́ lọ kọ́ ọ ní ABD?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Àwọn ebè náà ni màmá ń wò.

"Uṣẹ́ rẹ̀ mà nìyí, Àhmọ́dù."

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, mo gbé ọkọ́ mi. Mo tẹ̀ lé ipa ẹ̀jẹ̀ wọ igbó. Mo dé orí ilẹ̀ kékeré kan. Nǹkan náà ti ṣán an. Ó ti gbá a mọ́ bí ojúde ilé tí wọ́n ń retí àlejò. Kò sí ebè kankan níbẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo kọ ọ̀kan.

Lẹ́yìn mi, ọkọ́ kejì bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Mi ò bojú wẹ̀yìn. Ajá ń gbó lókèèrè, ìró rẹ̀ ń súnmọ́ tòsí. Ọkọ́ náà kò dúró. Tèmi náà kò dúró.