Oyin Tó Ń Fò, Oyin Inú Ìgò

Rísíkàt rèé. Àdúgbò Nyanya ló ń gbé, òun, Yàhàyá àbúrò rẹ̀, àti èmi ìyá wọn àgbà.

Láràárọ̀, Rísíkàt a ki búrẹ́dì bọ oyin. Lá! Lá! Lá!

Lọ́jọ́ kan, nǹkan kan fò kọjá. Hùn-ùn-ùn! Kò sẹ́ni tó rí i dáadáa.

"Yéè! Ó ta mí létí!" ni Yàhàyá ké.

Etí rẹ̀ wú. Ojú rẹ̀ wú. Kò lè mí dáadáa. Ó di ilé ìwòsàn, gìrì gìrì!

Ara rẹ̀ yá. Lẹ́yìn náà, dókítà fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín gún un lápá, kó lè mọ ohun tí ara rẹ̀ kò gbà. Ojú ibẹ̀ wú kókó.

"Ìyá, oyin ni. Ara ọmọ yìí kò gba oyin. Ẹ má jẹ́ kí oyin sún mọ́ ọn o!"

Ó fún Yàhàyá ní báàgì pupa kékeré. Abẹ́rẹ́ wà nínú rẹ̀. Ó kọ́ mi bí mo ṣe máa gún un nítan bí ara rẹ̀ bá tún wú.

Mo délé. Mo gbé ìgò oyin, mo tì í mọ́nú àpótí. Kọ̀!

"Èmi ńkọ́?" ni Rísíkàt wí.

Bàbá Sànúsí, aládùúgbò wa, wọlé. "Sànnu, Yàhàyá! Pẹ̀lẹ́ o. Gba bísíkíìtì."

"Èmi ńkọ́?"

Yàhàyá gbé báàgì kọ́rùn. Ó ń yan fanda.

"Èmi ńkọ́?" Owú ń ta Rísíkàt níkùn, ṣóró ṣóró.

Nígbà tí Yàhàyá sùn, Rísíkàt yọ báàgì náà lọ́rùn rẹ̀. Ó gbé e kọ́rùn ara rẹ̀. Ó sá pamọ́ sẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù omi.

Yàhàyá jí, ó ń wá báàgì rẹ̀ bọ̀ níta.

Hùn-ùn-ùn!

"Yéè!"

Mo sáré síbí. Mo sáré sọ́hùn-ún. Báàgì dà? Mo wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo wo inú ìkòkò ọbẹ̀ pàápàá!

Rísíkàt wo ojú Yàhàyá tó ń wú. Ó fò jáde.

"Ìyá àgbà! Ọrùn mi ló wà! Èmi ni mo mú un!"

Mo gún Yàhàyá nítan. Fìn! Ó di ilé ìwòsàn, gìrì gìrì!

Yàhàyá mí. Yàhàyá rẹ́rìn-ín.

"Ìyá," ni dókítà wí, "ṣebí mo ní kí oyin má sún mọ́ ọn?"

"Dókítà, mo tì í mọ́nú àpótí!"

"Oyin? Báwo lẹ ṣe mú un?"

"Mo dì í mú lọ́rùn ìgò!"

Dókítà di ikùn mú. "Kai! Oyin tó ń ta èèyàn ni mo wí o, kì í ṣe oyin tá à ń lá!"

Mo rẹ́rìn-ín títí gèlè mi fi já bọ́.

Ní báyìí, Rísíkàt ló ń gbé báàgì fún Yàhàyá. Bó bá ti gbọ́ hùn-ùn-ùn, a ní, "Yàhàyá, ó yá, wọlé!"

Oyin ti jáde nínú àpótí. Rísíkàt lá. Yàhàyá lá. Lá! Lá! Lá! Ìgò mọ́ tónítóní.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí! Èmi ńkọ́?"