Ààwẹ̀ Tí Kò Ní Ìṣínu

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì wọlé, Ìyá Kàmárù. Wọ́n ṣì wà nínú àdúrà."

Fọláṣadé na apá méjèèjì, ó fi dí ẹnu ọ̀nà bí ẹni tó ń lé adìyẹ. Ìyá Kàmárù, oníṣòwò aṣọ tó ń gbé nílé kejì, gbé abọ́ ògì gbígbóná àti àkàrà lé e lọ́wọ́. Mùsùlùmí ni, ó sì mọyì ẹni tó bá ń gbààwẹ̀.

"Fún ìṣínu wọn ni o. Bá mi kí Pásítọ̀ àti Màmá. Kí Ọlọ́run gbà á lọ́wọ́ wọn."

"Àmín, Ìyá. Ẹ ṣeun."

Nígbà tí obìnrin náà lọ tán, Fọláṣadé jókòó, ó jẹ àkàrà náà, ṣùgbọ́n kò dùn lẹ́nu rẹ̀ rárá. Kò sí ẹni tó ń gbààwẹ̀ nílé náà. Orí ẹní ni bàbá rẹ̀, Pásítọ̀ Tìmóthì, àti ìyá rẹ̀ wà, tí ibà ń jó wọn.

Ọdún kẹta nìyí tí ìjọ wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́ ti rán tọkọtaya náà wá ṣiṣẹ́ ìhìnrere ní Ṣábẹ̀, lórílẹ̀-èdè Benin tí wọ́n ti ń fi Faransé kẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí Fọláṣadé kọ́kọ́ dé, kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ Faransé kan, àwọn ọmọ kíláàsì sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn. Lásìkò yẹn, ìjọba ológun ní kí gbogbo ilé-ìwé máa dá oko, tọmọdé tàgbà sì ń pe ara wọn ní kamarádì, ìyẹn ẹlẹgbẹ́ nínú ìjàkadì. Bí Fọláṣadé ti ń kọ ebè lóko ilé-ìwé ló ń ka Faransé sẹ́nu. Ní báyìí, òun ló ń gba ipò kìíní, BEPC, ìdánwò ìjọba tí wọ́n ń ṣe láàárín ilé-ìwé girama, sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré.

Lọ́jọ́ tí àìsàn náà dá bàbá rẹ̀ dùbúlẹ̀, ó pè é.

"Lọ sọ fún Alàgbà Norbert kó wá, kó sì ránṣẹ́ sílé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Èyí ti ju agbára wa lọ."

Fọláṣadé jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò dé ilé Alàgbà. Ó rántí tọkọtaya kan tí ìjọ rán lọ sí ìlú mìíràn. Kété tí àìsàn wọn di mímọ̀ ni ọkọ̀ dé láti ilé, ó kó wọn lọ tọmọtọmọ.

"Bí wọ́n bá kó wa lọ, ìdánwò mi ti bọ́ nìyẹn," ó sọ fún ara rẹ̀. "Ibà lásán ni. Á lọ."

Ó ra oògùn ibà fún wọn. Ó wá ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá béèrè wọn pé wọ́n ń gbààwẹ̀, wọn kò fẹ́ rí èèyàn. Ta ni yóò da ààwẹ̀ ìránṣẹ́ Ọlọ́run rú ní Ṣábẹ̀? Kristẹni ò wá, Mùsùlùmí ò wá, àwọn abọ̀rìṣà pàápàá ń rọra rìn kọjá. Irọ́ náà ṣiṣẹ́ ju bó ti rò lọ.

Bó ti jẹ àkàrà náà tán, bàbá rẹ̀ pè é láti yàrá.

"Norbert ò tíì dé?"

"Ó ń bọ̀, Bàbá."

"Ọlọ́run á bù kún un."

Ojú ti Fọláṣadé débi pé kò lè wo bàbá rẹ̀. Ó yíjú sí ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ tẹjú mọ́ ọn bí ẹni tí kò rí i rí.

"Ìwọ ọmọ yìí, ọmọ ta ni ọ́?"

Ẹ̀rù bà á. Ó sá jáde, ó forí lé ilé Ìyá Kàmárù.

"Ẹ gbà mí! Wọn ò gbààwẹ̀! Àìsàn ló ń ṣe wọ́n, wọ́n fẹ́ kú! Irọ́ ni mo pa fún yín!"

Ìyá Kàmárù kò dúró wọ bàtà. Ó fi igbe ta sí àdúgbò, kò sì pẹ́ tí Alàgbà Norbert àti àwọn ọ̀dọ́ ìjọ fi gbé àwọn méjèèjì dé lópítáàlì. Ibà jẹ̀funjẹ̀fun ni. Pásítọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbádùn díẹ̀díẹ̀. Ìyá náà yè, ṣùgbọ́n ibà ti ba etí rẹ̀ jẹ́.

"Ká ní ẹ ti tètè gbé wọn wá ni, etí Ìyá kì bá tí bàjẹ́," dókítà wí.

Fọláṣadé sunkún, ó sọ ìdí ọ̀rọ̀ fún Ìyá Kàmárù.

"Nítorí ìdánwò?" Obìnrin náà pàtẹ́wọ́. "Ta ló sọ fún ọ pé o gbọ́dọ̀ bá wọn lọ? Gbogbo ọmọ tó ń sùn nílé mi, ìwọ nìkan ni kò ní ráyè níbẹ̀? Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ìwọ wá dákẹ́ mọ́ tàwọn òbí rẹ!"

Bẹ́ẹ̀ gan-an ló sì rí. Nígbà tí ìjọ ní kí tọkọtaya náà máa bọ̀ wálé, ilé Ìyá Kàmárù ni Fọláṣadé kó ẹrù rẹ̀ lọ láti dúró de ìdánwò.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ, èrò kún ibùdókọ̀ ojú irin. Fọláṣadé ti jẹ́wọ́ fún bàbá rẹ̀, ti ìyá rẹ̀ ló kù. Ó kúnlẹ̀, ó rọra sọ̀rọ̀.

"Màmá, èmi ni kò jíṣẹ́ tí Bàbá rán mi. Ẹ dárí jì mí."

"Kí lo wí?"

Ó tún un sọ.

"Sọ ọ́ sókè, ọmọ mi. N kò gbọ́."

Fọláṣadé wò yíká. Alàgbà Norbert wà níbẹ̀, àwọn sójà wà níbẹ̀, Zénabou ọmọ kíláàsì rẹ̀ náà ń wò ó. Ó mí kanlẹ̀, ó pariwo:

"Èmi ni mo pa irọ́! Èmi ni kò jíṣẹ́! Ẹ dárí jì mí, Màmá!"

Gbogbo èrò yíjú. Ìyá rẹ̀ wò ó títí, omijé dà lójú rẹ̀, ó sì gbọ́wọ́ lé e lórí.

"Mo ti gbọ́," ó ní.

Fọláṣadé yege nínú ìdánwò náà, ayọ̀ rẹ̀ kò sì kún. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má ṣe fi ìnira ẹni yín pamọ́ nítorí ohun tí ẹ̀ ń lé. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ yìí ìbá sọ jẹ́jẹ́ fún aládùúgbò kan, ojú gbogbo ìlú ló ti wá pariwo rẹ̀, nígbà tí etí tó yẹ kó gbọ́ ọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di.