Àmín Brother Eli

Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún pè láti Abẹ́òkúta kí ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun tó bọ́ aṣọ nọ́ọ̀sì lọ́rùn.

"Rẹ̀mí, àga onítáyà mi dà? Mo ṣì ń wọ́ nílẹ̀ lọ sí balùwẹ̀ o."

Ẹkún gbọn Rẹ̀mílẹ́kún. Ó ti gbé àga náà lé Brother Eli lọ́wọ́, ẹni tó ń kó ẹrù àwọn èèyàn wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Èkó. Àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni Eli kọ ọ́ sójú ẹgbẹ́ wọn lórí Facebook pé olè ti fọ́ ilé ìkẹ́rùsí òun ní Fairburn, kí wọ́n fi àdúrà ran òun lọ́wọ́.

Rẹ̀mílẹ́kún ò rí Eli sójú rí. Awakọ̀ kan tí wọ́n háyà ló wá gbé ẹrù náà nílé rẹ̀ ní Duluth. Ṣùgbọ́n kí ló tún fẹ́ rí? Kò sí àdúrà tí wọ́n gbà lójú ẹgbẹ́ náà tí Eli kì í ṣe àmín sí. Bí wọ́n bímọ, á kúnlẹ̀ kí wọn. Bí wọ́n ṣòfò, á sunkún ju olóòkú lọ. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ti Eli yọ odidi àga.

Abdulqoyyum tí wọ́n jọ wà lẹ́gbẹ́ lẹni burúkú. Abẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ Eli ló ti ń béèrè pé, "Ọkọ̀ wo? Èbúté wo? Fi rísíìtì hàn wá." Rẹ̀mílẹ́kún, tó jẹ́ alábòójútó ẹgbẹ́ náà, ló fọwọ́ ara rẹ̀ lé e jáde. Òun náà ló fi orúkọ ẹ̀ lé Bridget, ọlọ́pàá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, lọ́wọ́.

"Òun ló jí i. Ojú olè ni ojú ẹ̀."

"Ẹ ti rí i rí?"

"Rárá. Mo ti ka ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀."

Kò pẹ́, àga náà yọjú níbi tí wọ́n ti ń ta àlòkù lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tòun ti tìmùtìmù àdìrẹ tí Rẹ̀mílẹ́kún rán fún ìyá rẹ̀. Ó díbọ́n bí oníbàárà. Ẹni tó ń tà á ní kí wọ́n pàdé ní Pleasant Hill Road. Nígbà tó débẹ̀, onítọ̀hún ní kó máa bọ̀ ní Fayetteville. Bridget ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn.

Bọ́ọ̀sì funfun kan ló wà ní ibi ìgbọ́kọ̀sí níbẹ̀. Bí awakọ̀ rẹ̀ ṣe rí ìbọn nídìí Bridget, ó fi eré sí i, ó dorí kọ ẹnu ọ̀nà. Àfi bí Corolla kékeré kan ṣe dábùú ọ̀nà. Gbàgà! Bọ́ńpà fò lọ.

"Sọ̀kalẹ̀! Ọwọ́ sókè! Kí lorúkọ ẹ?" Bridget kígbe mọ́ awakọ̀ bọ́ọ̀sì.

Rẹ̀mílẹ́kún ti sáré dé. "Abdulqoyyum ni! Mo sọ fún yín!"

"Èmi nìyí, ma," ni ẹni tó jáde nínú Corolla wí, ó di iwájú orí mú. "Ẹ̀yin lẹ ní kí police wá mi wá. Ẹ̀rọ tí bàbá mi fi ń mí ní Ìlọrin wà lọ́wọ́ olè yìí. Madam ọlọ́pàá yìí ní kí n jókòó sílé, kí n má tẹ̀ lé yín wá. I no fit."

Ẹni tó wà nínú bọ́ọ̀sì ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ọ̀dà. "Ẹ dárí jì mí, ẹ̀yin màmá wa. Èmi ni, Brother Eli."

Ìtìjú mú Rẹ̀mílẹ́kún débi pé kò lè gbójú sókè.

"Ta ló fọ́ ilé ìkẹ́rùsí?" Bridget bi í.

"Kò sẹ́ni tó fọ́ ọ."

"Ọkọ̀ ojú omi ńkọ́?"

"Kò sí ọkọ̀."

"Báwo ni wọ́n ṣe gbà ọ́ gbọ́?"

Eli wo Rẹ̀mílẹ́kún. "Wọn ò bi mí ní nǹkan kan. Ẹnì kan ṣoṣo tó bi mí, àwọn fúnra wọn ló lé e."

Wọ́n bá ẹ̀rọ bàbá Abdulqoyyum àti ẹrù àwọn yòókù nínú ilé ìkẹ́rùsí Eli ní Fairburn, mìmì kan ò mì wọ́n. Bàálù ló gbé àga dé Abẹ́òkúta. Ìyá jókòó lé e, ó ń jó èjìká, ó ń ṣàdúrà títí ẹnu fi ń ro ó. Rẹ̀mílẹ́kún dá Abdulqoyyum padà sínú ẹgbẹ́, ó sì kọ ẹ̀bẹ̀ gígùn síbẹ̀ lójú gbogbo ayé.

Obìnrin kan tó ń jẹ́ Ṣìkẹ́mi ló kọ́kọ́ fèsì: "Ẹ wo bó ṣe ń bẹ̀bẹ̀. Òun àti Eli ni wọ́n jọ ń pín owó ẹrù náà."

"Há! Obìnrin yìí mọ̀ mí rí ni?" Inú bí Rẹ̀mílẹ́kún gan-an. Ó ṣí ojú ìwé Ṣìkẹ́mi, ó ka gbogbo ohun tó ti kọ sábẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíì, ó sì mi orí.

"Mo mọ̀," ló wí. "Irú èyí ò lè nílé ọkọ."