Lahai Kì Í Ṣe Sójà

Gbà! Gbà! Gbà!

Títí di òní, ìró bàtà yẹn kò tíì kúrò létí Lahai. Bàtà Pa Senesi ni.

Ọmọ ọdún méje ni Lahai nígbà náà. Abúlé Gbaama ló ń gbé, lọ́dọ̀ Mama Kema, ìyá ìyá rẹ̀.

Lahai sì ń wúkọ́. Húkọ́! Húkọ́! Húkọ́!

"Ikọ́ ife ni," Pa Senesi wí. Òun ló ń fún gbogbo abúlé lóògùn. Ó ti ṣe sójà rí nílẹ̀ Bọ́mà, ogun kò sì kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Ọ̀tá ti wọ inú àyà rẹ!" ó wí. "Abẹ́rẹ́ yìí ni ìbọn wa. Ojoojúmọ́ la ó máa yìn ín. Ṣé o gbọ́, Sójà?"

"Mo gbọ́, sà."

"Ṣé sójà máa ń sunkún?"

"Rárá, sà!"

Ilẹ̀ mọ́. Gbà! Gbà! Gbà! Pa Senesi dé. Ṣín! Abẹ́rẹ́ wọlé.

Ó dun Lahai. Kò sunkún.

Ilẹ̀ tún mọ́. Gbà! Gbà! Gbà! Ṣín!

Ó dun Lahai gan-an. Ó gé ètè jẹ. Kò sunkún.

"Sójà gidi!" Pa Senesi wí.

"Ṣé ó ń dùn ọ́?" Mama Kema bi í.

"Rárá, Mama." Lahai sì sáré lọ sẹ́yìn àká ìrẹsì. Ibẹ̀ ló ti lọ wúkọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ikọ́ náà tún dé. Ó le ju ti àná lọ. Húkọ́! Húkọ́! Húkọ́! Húkọ́!

Lahai ronú. "Àwọn ọ̀tá ti borí mi. Mi ò mọ ìjà jà. Ẹ̀bi mi ni."

Kò dúró de abẹ́rẹ́. Ó sá lọ sí oko ìrẹsì. Ó fara pamọ́ sínú ahéré.

Àwọn obìnrin wà lóko lọ́jọ́ náà, wọ́n ń tu koríko. Wọ́n tò lọ bẹẹrẹ. Fà, jù! Fà, jù! Mama Kema wà láàárín wọn.

Húkọ́! Húkọ́!

"Ta ló wà nínú ahéré?" Mama Kema pariwo.

"Kò sẹ́nì kankan!"

"Ẹ gbọ́ mi o! Kò-sẹ́nì-kankan ń wúkọ́!"

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Mama Kema wọlé. Ó rí Lahai nílẹ̀, ó ká orúnkún sáyà.

"Mama, mo ti pàdánù ogun. Mi ò gba abẹ́rẹ́ mọ́."

Mama Kema kò bá a wí. Ó jókòó tì í. Ó ní, "Wo ìta."

Fà, jù! Fà, jù!

Lójijì, Yema, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà, nà ró. Ó di ìbàdí mú. "Ó rẹ̀ mí o!"

"A gbọ́ o!" ni gbogbo wọn dáhùn. "Lọ jókòó jàre, ìwọ tó jẹ ìrẹsì àwo mẹ́ta!"

Yema rẹ́rìn-ín. Ó lọ mu omi. Ẹni tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ gba poro rẹ̀. Ẹni tó wà lọ́wọ́ òsì náà gbà á. Fà, jù! Fà, jù!

"Ṣé ogun ti ṣẹ́ Yema?" Mama Kema bèèrè.

"Rárá. Ó rẹ̀ ẹ́ ni."

"Ta ló ń tu poro rẹ̀?"

"Gbogbo wọn."

"Àyà rẹ náà, oko ni, ọkọ mi. Oògùn ń tu koríko ibẹ̀. Díẹ̀ lónìí, díẹ̀ lọ́la. Bí koríko bá tún hù, kì í ṣe ẹ̀bi ìrẹsì."

Lahai sún mọ́ ọn.

"Mama, ó ń dùn mí. Ó sì rẹ̀ mí." Ohùn rẹ̀ kéré.

Mama Kema yọ orí síta. "Ó rẹ Lahai o!"

"A gbọ́ o!" gbogbo oko dáhùn.

Yema pọ̀n ọ́n. Mama Kema gbé omi. Ó di ọ̀dọ̀ Pa Senesi.

"Sójà! Ibo lo sá sí? Ẹni tó bá sá lójú ogun..."

"Senesi, dákẹ́ ná," Mama Kema wí. "Ọmọ ni. Kì í ṣe sójà."

Lahai gbójú sókè. "Pa, abẹ́rẹ́ yín ń dùn mí, sà. Ó ti ń dùn mí tipẹ́."

Pa Senesi lóṣòó síwájú Lahai.

"Wọ́n yìnbọn lù mí rí," ó wí jẹ́jẹ́. "Ó dùn mí. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó yẹ kí n ti sọ." Ó na ọwọ́. "Di ọwọ́ mi mú. Bó bá dùn ọ́, ké."

Ṣín!

"Yéèèèè!"

Adìyẹ fò! Ewúrẹ́ sá! Lahai sunkún, ó sunkún, Pa Senesi kò jọ̀wọ́ rẹ̀. Nígbà tó dákẹ́, ara rẹ̀ fúyẹ́.

Ilẹ̀ mọ́. "Káàárọ̀, Só... Háà! Lahai. Àwọn ọ̀tá ńkọ́? Rárá o! Koríko ńkọ́?" Pa Senesi wí.

Lahai rẹ́rìn-ín títí ó fi gbàgbé abẹ́rẹ́.

Díẹ̀ lónìí. Díẹ̀ lọ́la. Bó bá rẹ Lahai, ó á ní, "Ó rẹ̀ mí o!" Ẹnìkan á pọ̀n ọ́n lọ gba abẹ́rẹ́.

Ìrẹsì yọ. Ìrẹsì gbó. Wọ́n kórè rẹ̀.

Húkọ́! Húkọ́!

Húkọ́.

Ó parí. Kò sí ikọ́ mọ́.

Lahai dàgbà. Ó rìnrìn àjò, ó kọjá òkun. Lọ́dọọdún, ó ń sọ pé, "N ó kọ̀wé sí Pa Senesi." Lọ́dọọdún, kò kọ ọ́.

Ní ọjọ́ kan, ó jókòó, ó mú gègé. Ó kọ ọ́:

"Pa Senesi mi àtàtà, ẹ kú àtijọ́. Mo ti bí ọmọ mẹ́ta. Mò ń mí dáadáa. Ẹ ṣé fún oògùn. Ẹ ṣé fún ọwọ́ tí ẹ nà sí mi. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ ṣé tí ẹ jẹ́ kí n sunkún."